Eyín Tí Aláǹgbá Kò Rí

Mò ń fọ ẹnu fún Mọ́rẹ́nikẹ́, ọmọ mi, nínú ilé wa ní Ìbàfò, nígbà tí ọwọ́ mi kan eyín kan tó ń hù láàárín àjà ẹnu rẹ̀. Inú oyún ni ètè òkè àti àjà ẹnu ọmọ yìí ti là. Wọ́n ti rán an pọ̀ nígbà tó wà ní ìkókó, mo sì rò pé a ti bọ́. Mo tún wo iwájú: ibi tí eyín ọmọdé rẹ̀ kan ti ká ṣì ṣófo, bẹ́ẹ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ní tiwọn.

Ìyá ọkọ mi, tí a jọ ń gbé, ti mọ ẹni tó jẹ̀bi.

"Mo ní kó tètè ju eyín yẹn sórí òrùlé! Ó dúró ń fi han ọ̀rẹ́ ẹ̀. Aláǹgbá ti rí i, kò lè hù mọ́ nìyẹn."

Ọmọ mi gba ẹ̀bi náà pátápátá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ bo ẹnu, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí a bá ń kọrin, ètè lásán ló ń mì. Ilé náà ká mi mọ́.

Ní ọsibítù l'Ékòó, a jókòó títí ìdí fi ń ro wá. Dókítà eyín ya fọ́tò egungun ẹnu rẹ̀. Ó ní níbi tí èrìgì bá ti là, èhù eyín lè má sí rárá, òmíràn sì lè ṣìnà. Wọn yóò bu egungun ní ìbàdí rẹ̀ dí àlàfo èrìgì náà, àmọ́ ó di ìgbà tí eyín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ó ní kí n ní sùúrù. Mo kórìíra ọ̀rọ̀ yẹn.

Mọ́rẹ́nikẹ́ sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé kì í ṣe aláǹgbá?"

Dókítà ní, "Aláǹgbá kọ́ o. Èhù ẹ̀ ò sí níbẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti bí ẹ. Ìwọ kọ́ lo fà á."

Ọmọ mi bú sẹ́kún. Èmi náà sunkún.

Wọ́n yọ eyín tó ṣìnà. A dúró, ó sú wa, kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ìbàdí dùn ún ju ẹnu lọ. Ó ń tiro kiri ilé. Wáyà tó ń to eyín rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ báyìí, eyín àtọwọ́dá ló sì wà ní àlàfo yẹn. Ara rẹ̀ kò ní gbogbo ohun tí ara ẹlòmíràn ní, àmọ́ ó gba egungun ìbàdí, ó sọ ọ́ di èrìgì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ara náà.

Lánàá, òun àti àbúrò rẹ̀ ń jà nítorí ẹran, ó la ẹnu gbàgà, ó ń pariwo. Ìyá ọkọ mi ní kí n bá a wí.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ ó pariwo."