Orúkọ Ìyá Ìyàwó Wa

Ẹsẹ̀ mi kì í gbélé, ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tí ìyàwó àbúrò mi bímọ, mi ò lè jókòó rárá. Bí mo bá wà ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Computer Village, níbi tí mo ti ń ta ṣájà, ọkàn mi á wà ní Agége. Bí mo bá dé Agége, ilé á há mọ́ mi, màá tún fẹ́ sá padà sí ṣọ́ọ̀bù. Orúkọ ọmọ ló fà á.

Rọ́ṣíà ni àbúrò mi ti kàwé, ibẹ̀ náà ló ti fẹ́ ìyàwó rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ náà. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ike ní Ìkẹjà gbà á síṣẹ́, wọ́n kó wá sọ́dọ̀ màmá wa ní Agége. Oyún ìyàwó ti ga nígbà tí ìyá rẹ̀ kú lọ́hùn-ún. Dókítà kò jẹ́ kó wọ bàálù. Orí fóònù ló ti wo bí wọ́n ṣe sin ìyá rẹ̀, tí jẹnẹrétọ̀ ilé-iṣẹ́ ẹ̀yìnkùlé wa ń bú ramúramù. Nígbà tó wá bí obìnrin, orúkọ ìyá rẹ̀ ló ní kí wọ́n sọ ọ́: Kséníyà.

Inú màmá dùn. Ìyá lọ, ìyá dé, kí ló tún kù? Ṣùgbọ́n màmá wa kì í gba orúkọ tí kò bá mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

"Ìyàwó, kí ni ìtumọ̀ ẹ̀?"

Ìyàwó wojú ọkọ rẹ̀. "Mọ́mì, mi ò mọ̀. Nílé wa, a kì í bèèrè ìtumọ̀. A máa ń bèèrè pé ta ló jẹ́ ẹ rí."

Ó ní àwọn Gíríìkì ló ni ọ̀pọ̀ nínú orúkọ obìnrin wọn, pé ẹ̀sìn Kristẹni ló gbé e dé Rọ́ṣíà láyé àtijọ́. Ìrínà ni àlàáfíà, Sófíyà ni ọgbọ́n, Sóyà ni ìyè. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń pe Ìrínà kò ro àlàáfíà kankan; Ìrínà aládùúgbò rẹ̀, oníjà, ló ń rò.

"Kséníyà wá ńkọ́?" Màmá kò gbàgbé.

Ìyàwó wo fóònù rẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà, ṣùgbọ́n kò mọ irọ́ pa.

"Àlejò," ló wí.

Màmá ní láéláé.

Ẹ má dá a lẹ́bi. Ọmọbìnrin méjì ló ti sin kó tó bí mi. Ẹ̀bẹ̀ ni orúkọ tèmi, wọ́n fi ń bẹ̀ mí pé kí n má lọ mọ́. "Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ," ló ń tẹnu mọ́. "Ṣé ẹ fẹ́ kó yà, kó mu omi, kó máa lọ ni?" Ó gba Ìrínà. Ó tilẹ̀ fẹ́ràn Sóyà. Ìyàwó kàn ń mirí. Àbúrò mi, tó ń tú ẹ̀rọ ńláńlá palẹ̀, sá lọ síbi iṣẹ́ kó má baà dá sí i. Ojo! Èmi ni wọ́n wá ń rán láti yàrá kan sí èkejì. Inú bí mi sí àwọn méjèèjì, àánú wọn sì ṣe mí.

Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ìsọmọlórúkọ, màmá ní kí n lọ sọ fún ìyàwó pé ọ̀rọ̀ ti parí, Sóyà ni. Kí n tó dìde, ìyàwó ti jáde sí wa tòun tọmọ. Ó kúnlẹ̀.

"Mọ́mì, èmi ńkọ́? Kí ni mo jẹ́ níbí?"

"Ìyàwó mi ni ọ́ nù un."

"Ọ̀nà jíjìn ni mo ti wá. Ṣé èmi náà yà, kí n mu omi, kí n máa lọ?"

Ìyàwó gbé ọmọ sún mọ́ ọn.

"Ìyá mi kú, mi ò lọ. Ibí ni mo wà."

Màmá gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó wọ yàrá, ó tilẹ̀kùn.

Ní àárọ̀, ilé kún. Ààfáà fún ọmọ ní orúkọ Mùsùlùmí, ó wá yíjú sí màmá, nítorí nílé wa, ìyá bàbá ọmọ ló máa ń pe orúkọ ilé. Mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde.

"Yétúndé," ni màmá wí. Ìyàwó sọ orí kọ́.

Màmá kò tíì parí. Ó gbé ẹnu sétí ọmọ, ó pe Kséníyà, ṣùgbọ́n kò já gaara lẹ́nu rẹ̀. Ó ní kí ìyàwó sún mọ́ òun, kó máa pè é fún òun. Ó pè é tẹ̀ lé e títí ó fi já gaara, gbogbo èèyàn ń dúró, ààfáà náà ń dúró. Lẹ́yìn náà, ó na ọwọ́ kejì, ó fa ìyàwó mọ́ra.

"Ìwọ àti ìyá ẹ," ó sọ fún ọmọ náà, "ẹ ti délé."