Ìjọ Tí Ara Gbogbo Wọn Le

Ní ìjọ Pásítọ̀ Ọlábọ̀dé Ògúnlẹ́yẹ ní Igbó-Elérin, ládùúgbò Ọ̀jọ́, kò sẹ́ni tó ń ṣàìsàn. Kì í ṣe pé orí kì í fọ́ wọn o, tàbí pé ibà ò mọ ọ̀nà ilé wọn. Ẹ̀fọn Ọ̀jọ́ kì í yọ onígbàgbọ́ sílẹ̀. Pásítọ̀ ló kọ́ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ọmọ Ọlọ́run kì í fi ẹnu ara rẹ̀ pe àìsàn. Bó o bá bi ẹnikẹ́ni níbẹ̀ pé báwo lara, ohun tí wàá gbọ́ ni "Ara le lórúkọ Jésù!", kódà bí onítọ̀hún bá ń gbọ̀n nínú súwẹ́tà lọ́sàn-án gangan.

Èèyàn dáadáa ni Pásítọ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. Kó tó di pásítọ̀, tẹlifíṣọ̀n ló ń tún ṣe ní ọjà Alábà. Nígbà yẹn ni gìrì gbé Moyinolúwa, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, tí ojú ọmọ náà yí pátá. Òun àti Sẹ̀gilọlá ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀ tì í, wọ́n gbàdúrà, wọ́n sì kọ̀ jálẹ̀, wọn ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ikú jáde lẹ́nu wọn, títí ọmọ fi ké. Ọmọ náà ti di tíṣà nílùú Ìbà báyìí. Ohun tí bàbá rẹ̀ gbà pé ó gbà á là ló ń wàásù láti ọjọ́ náà. Ta ló fẹ́ dá a lẹ́bi?

Ó sì fẹ́ràn ilé rẹ̀ dé góńgó. Òun ló ń fọ aṣọ ìyàwó rẹ̀ ní Sátidé, níta gbangba, tí ìyàwó àwọn sójà orí omi tó ń wá sí ìjọ láti Navy Town á máa fi ọkọ tiwọn ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ìpàdé àwọn alàgbà bá ti ń gùn jù, á dìde, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Sẹ̀gi kì í jẹun láìrí mi." Irọ́ ni. Òun gan-an ni oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ bí kò bá rí Sẹ̀gi.

Sẹ̀gilọlá yìí, tí gbogbo ìjọ ń pè ní Mọ́mì, ló máa ń ka Sáàmù kí ìwàásù tó bẹ̀rẹ̀. Láti Sátidé ni ọkọ rẹ̀ ti máa ń sọ èyí tó máa kà fún un. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, Pásítọ̀ yí ọkàn padà láàárọ̀, ó ní kí akọ̀wé kéde Sáàmù mìíràn. Akọ̀wé kéde rẹ̀ ketekete. Mọ́mì dìde, ó ṣí Bíbélì, ó sì ka ti Sátidé láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò ṣi ọ̀rọ̀ kan pè. Àwọn èèyàn wo ara wọn. Alàgbà kan pariwo pé Ẹ̀mí ló yí i padà, ni gbogbo ilé bá hó yèè. Pásítọ̀ nìkan ni kò hó. Ojú ìyàwó rẹ̀ ló ń wò, ojú náà ò sì wolẹ̀ wo ìwé lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tí wọ́n délé, Pásítọ̀ ò tíì bọ́ kóòtù tó fi na ọwọ́ síwájú ìyàwó rẹ̀.

"Sẹ̀gi, kí ni mo mú lọ́wọ́?"

"Ẹ jẹ́ kí n lọ gbé oúnjẹ yín wá, Dádì Moyin."

"Mo ní kí ni mo mú lọ́wọ́?"

Obìnrin náà fi ọwọ́ wá àga, ó jókòó, ó sì sọ gbogbo rẹ̀. Ojú òsì ti ṣókùnkùn láti ìgbà ọyẹ́. Ti ọ̀tún ń dín kù bí ìgbà tí èèyàn ń rọra pa fèrèsé dé. Fóònù ló ń ka Sáàmù fún un ní gbogbo Sátidé, títí á fi mọ́ ọn lórí.

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Báwo ni kí n ṣe sọ ọ́?" Kò fi ìbínú sọ ọ́ rárá. "Ẹ̀yin lẹ ní ká má fẹnu pè é. Ṣé èmi Mọ́mì ìjọ ni kí n wá kọ́kọ́ rú òfin yín?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Pásítọ̀ lákínyẹmí ara.

Moyinolúwa ló tẹ̀ lé wọn lọ sí ọsibítù ojú lọ́jọ́ kejì. Dókítà sọ ọ́ láìfepo bọyọ̀: ojú òsì ti lọ, kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe sí i. Ti ọ̀tún ṣì ṣeé gbà là bí wọ́n bá tètè ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Bí wọ́n bá fi falẹ̀, á tẹ̀ lé ìkejì rẹ̀. Wọn ò tíì kọjá Alábà Rago, níbi tí àwọn àgbò ti ń ké lẹ́bàá ọ̀nà, tí Sẹ̀gilọlá fi ní òun ò ṣe é.

"Bí wọ́n bá rí mi pẹ̀lú báńdéèjì lójú, kí lẹ fẹ́ sọ fún wọn? Ìjọ tẹ́ ẹ fi gbogbo agbára yín kọ́ á tú."

"Kó tú."

"Ẹnu lásán lẹ fi ń sọ bẹ́ẹ̀."

Moyinolúwa bẹ̀ ẹ́, ó sunkún sí i. Pásítọ̀ bẹ̀ ẹ́ títí ọ̀sẹ̀ fi parí. Kò gbà.

Nígbà tí ọjọ́ Ìsinmi pé, Pásítọ̀ gun orí pẹpẹ. Kò fẹ́ tú àṣírí ìyàwó rẹ̀ fáráyé, torí obìnrin náà ló ni ín. Ṣùgbọ́n Pásítọ̀ náà ní àṣírí tirẹ̀.

"Báwo lara?" ó bi wọ́n.

"Ara le lórúkọ Jésù!"

"Tèmi ò le," ni Pásítọ̀ wí. "Mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì ti pẹ́. Inú ike fítámì ni mo ń kó oògùn rẹ̀ sí kẹ́nikẹ́ni má baà mọ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń lò ó, tí mo tún ń wá síbí wá sọ fún yín pé ẹ má fẹnu pè é. Mo ṣẹ̀ yín. Ẹni tí nǹkan bá ń ṣe, kó sọ ọ́, kó lọ sí ọsibítù, ká sì jọ gbàdúrà sí i."

Sẹ̀gilọlá gbé orí sókè ní ìjókòó iwájú. Òun náà ò mọ̀.

Obìnrin kan dìde lẹ́yìn. Màmá Ẹ̀hìndé ni, opó Akínwándé, ọkùnrin tó ń ta rédíò ní Alábà, tó ṣubú lulẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, tí kò sì dìde mọ́. Pásítọ̀ ló sin ín.

"Dádì," ó ní, ohùn rẹ̀ ò ròkè, "ẹ̀jẹ̀ ríru náà ló ń ṣe ọkọ mi. Ó ń lo oògùn tẹ́lẹ̀. Ó wá ní bí Pásítọ̀ ò bá lo nǹkan kan, kí lòun ń lò ó fún? Ló bá dà á nù."

Pásítọ̀ di pẹpẹ mú, ó sì sunkún lójú gbogbo wọn.

Ìgbà náà ni Sẹ̀gilọlá dìde. Ó fi ọwọ́ wá ẹ̀yìn àga tó sún mọ́ ọn, ó dì í mú, ó tún wá èyí tó tẹ̀ lé e. Ó ń táràrà lọ láàárín ìjọ. Ẹnì kan fẹ́ fà á lọ́wọ́, ó ní kó fi òun sílẹ̀.

"Màmá Ẹ̀hìndé, ẹ máa sọ̀rọ̀, kí n lè mọ ibi tẹ́ ẹ wà."

"Ibí ni mo wà, Mọ́mì. Ibí ni."

Ó ń tẹ̀ lé ohùn náà títí ọwọ́ rẹ̀ fi kan èjìká opó náà, ó sì gbá a mọ́ra. Kò sẹ́ni tí kò rí i nínú ìjọ pé Mọ́mì ò ríran dáadáa mọ́. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ pẹ́, àwọn méjèèjì ń sunkún.

Moyinolúwa mú bàbá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá bá wọn. Pásítọ̀ kúnlẹ̀ fún opó náà. Sẹ̀gilọlá gbọ́ ohùn rẹ̀ nílẹ̀, ó na ọwọ́ ó wá ojú rẹ̀, ó sì nu omijé rẹ̀ nù.

"Ẹ pe dókítà, Dádì Moyin," ó ní. "Ẹ sọ fún un pé a ń bọ̀ lọ́la. Àwa méjèèjì."