Àmákà Tó Wà ní Yàrá Iwájú

Ní Isla Mujeres, erékùṣù wa ní Mẹ́síkò, a kì í sọ pé "ilé mi." Bí ẹnikẹ́ni bá bi wá níbi tí à ń gbé, ohun tí a ó sọ ni pé, "Ilé yín wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, èyí tí wọ́n kùn láwọ̀ ewé." Ọmọlúàbí ló ń sọ bẹ́ẹ̀, ẹni tí wọ́n sì sọ ọ́ fún mọ̀ pé òun kò ní ilé kankan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Landy Moguel ti ń sọ ọ́ láti kékeré, débi pé ẹnu rẹ̀ kì í dúró de òun fúnra rẹ̀ mọ́. Addy, àbúrò ọkọ rẹ̀, a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ká ní gbogbo ilé tí Landy ti fi ẹnu fún àwọn èèyàn ló di tiwọn lóòótọ́, etíkun ni ì bá máa sùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, Nelsy, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Cancún lódìkejì omi, pè é lórí fóònù.

"Màmá, obìnrin ará Kánádà yẹn ń bọ̀ lónìí. Brenda lorúkọ ẹ̀. Oṣù Kejìlá ni òun àti ẹbí ẹ̀ fẹ́ wá lo ìsinmi, àmọ́ ó lóun fẹ́ fojú ara òun rí ilé náà kóun tó pinnu."

"Ó dáa."

"Ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹun." Kò tíì jẹun.

"Màmá, àmákà yẹn ńkọ́? Ibẹ̀ la máa gbé bẹ́ẹ̀dì ìyá ẹ̀ tó ti darúgbó sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú u kó tó dé."

"Mo gbọ́."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Gbígbọ́ náà nìkan ló ṣe.

Àwọ̀n òwú búlúù àti funfun tí èèyàn ń sùn sí ni àmákà náà, wọ́n so ó mọ́ ìkọ́ méjì lára ògiri yàrá iwájú. Inú rẹ̀ ni Gener, ọkọ Landy, sùn sí lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí afẹ́fẹ́ àríwá ń fẹ́, tí kò jí mọ́. Ìyá Gener ló hun ún fún wọn nígbà ìgbéyàwó. Wọ́n gbé òkú kúrò nínú rẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó tú u. Landy kò fọ̀ ọ́, kò sùn sínú rẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó síbẹ̀. Ṣe ló máa ń gbálẹ̀ yí i ká.

Kò sunkún nígbà ìsìnkú, kò sì sunkún lẹ́yìn rẹ̀. Inú rẹ̀ dà bí ètè tí dókítà eyín gún lábẹ́rẹ́: o mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, o fọwọ́ kàn án, kò dá ọ lóhùn. Àwọn kan ládùúgbò ní ó lọ́kàn. Àwọn mìíràn ní kò fẹ́ràn ọkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìyẹn àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Kò sì fìgbà kan fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé Gener kú. Bí ẹni tí kò tíì gbọ́ bá béèrè Gener nílé búrẹ́dì, Addy ló máa ń dáhùn, Landy a sì máa wo búrẹ́dì. Nígbà tí Nelsy ní kí wọ́n máa fi ilé iwájú gba àlejò kí ìyá òun lè rí nǹkan ṣe, ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí yàrá ẹ̀yìn láìjiyàn. Kò dùn ún, kò sì dùn mọ́ ọn.

Ọ̀sán ni Brenda dé, nínú mọ́tò kékeré tí kò ní ìlẹ̀kùn, irú èyí tí àwọn àlejò máa ń háyà létí omi. Ó ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún, oòrùn ti sọ imú rẹ̀ di pupa, ó sì ń sọ èdè Sípáníìṣì bí ẹni tó ń rìn lórí òkúta láìwọ bàtà. Èèyàn dáadáa ni. Kí ẹnikẹ́ni má rò ó sí ibi.

"Ẹ káàbọ̀ sí ilé yín," ni Landy wí.

Addy, tó wá bá a gba àlejò, bu omi ewé chaya tó ti lọ̀ mọ́ ọsàn wẹ́wẹ́ fún un. Brenda mu ún, ó fi ẹsẹ̀ wọn yàrá kan dé òmíràn, ó ń béèrè bó ṣe ń lọ.

"Ṣé omi kì í wọ́n lóṣù Kejìlá? Ìyá mi ò lè gun àtẹ̀gùn, ibo ló máa sùn? Àwọn ọmọ ọmọ mi fẹ́ràn òkun, ṣé ó jìn?"

"Omi wà nínú táǹkì lórí òrùlé," ni Landy dáhùn. "Ìyá yín á sùn ní yàrá iwájú. Tí afẹ́fẹ́ àríwá bá ń fẹ́, ẹ má kó àwọn ọmọ lọ síbi tí òkun ti ń ru. Ẹ kó wọn lọ sí apá kejì, ibẹ̀ máa ń pa rọ́rọ́."

"Kẹ́ ẹ sì mú súẹ́tà dání," ni Addy fi kún un. "Àwọn àlejò rò pé kì í tutù níbí. Lóṣù Kejìlá, tẹ́ ẹ bá rí ẹnì kan nínú súẹ́tà méjì àti ìbọ̀sẹ̀, tó ń gbọ̀n létíkun, èmi nìyẹn."

Brenda rẹ́rìn-ín. Ó ní ilé náà wu òun, pé òun ti ń fojú inú rí ìyá òun níbẹ̀, tó ń gba afẹ́fẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Addy rí i pé yìnyín ti tán, ó sáré lọ ra òmíràn. Ìgbà yẹn ni Brenda fọwọ́ kan àmákà.

"Ó rẹwà. Ó rẹwà gan-an ni. Mi ò rí irú ẹ̀ rí."

"Tiyín ni," ni ẹnu Landy wí.

Gbogbo wa la mọ èsì ọ̀rọ̀ yìí. Bí èèyàn bá yin ìkòkò ọbẹ̀ tàbí ọkọ̀ ojú omi ẹlòmíràn, tí ẹni tó ni ín bá sọ pé "Tiyín ni," èsì rẹ̀ ni pé "Ọwọ́ tó yẹ ló wà," ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Brenda kò mọ̀. Ó fọwọ́ lé àyà.

"Tèmi?"

"Tiyín ni."

Landy ń dúró de èsì. Dípò èsì, ó rí i pé obìnrin náà ti dì mọ́ òun, omi sì ti lé sí i lójú. Lẹ́yìn náà ni Brenda na ọwọ́ sí ìkọ́. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń tú okùn náà, torí ìdè àwọn apẹja ni Gener fi so ó. Landy ló bá a tú u. Ó ká a bí a ṣe ń ká a, ó fi í sínú báàgì fún un, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà títí mọ́tò náà fi yà ní kọ̀rọ̀. Ó ní ó dàbọ̀. Nǹkankan kò mì nínú rẹ̀.

Addy dé, ó gbé yìnyín lọ́wọ́, ó wo ògiri.

"Àmákà dà?"

"Ó yìn ín."

"Ó yìn ín, ó wá ṣe báwo?"

"Mo ní tiẹ̀ ni."

Addy gbé yìnyín sórí tábìlì. "Landy, ará Kánádà lo sọ ìyẹn fún? O ò ṣe kúkú di èmi náà mọ́ ọn?"

"Ó tún bi mí lẹ́ẹ̀kejì ni. Kí ni kí n sọ?"

"Kó o sọ pé rárá."

"Fún àlejò? Nínú ilé?"

Addy mọ̀ pé òun náà kò jẹ́ sọ ọ́. "Jókòó," ló wí. "Ọkọ̀ ojú omi tó máa gbé e lọ ò tíì lọ. Màá lọ bá a létí omi, màá ṣàlàyé fún un. Màá ní àmákà ẹ̀gbọ́n mi ni, pé ẹ̀gbọ́n mi ti..."

"Rárá," ni Landy wí.

Ìkọ́ méjèèjì ló ń wò. Yàrá náà ti fẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì á wọ ibẹ̀ dáadáa, ohun tó sì dẹ́rù bà á gan-an nìyẹn: pé òun á tẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà, òun á gbá abẹ́ rẹ̀, òun ò ní mọ nǹkankan lára, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa rí títí òun náà á fi kú. Ó bọ́ épírọ́ọ̀nù rẹ̀, ó jáde.

Àwọn èèyàn ti tò létí omi nígbà tó débẹ̀. Brenda rí i, inú rẹ̀ dùn, ó rò pé ṣe ló wá sin òun.

"Doña Landy, ẹ ò bá ti má yọ ara yín lẹ́nu. Mo ti ń ro ibi tí màá so ó sí nílé."

"Tèmi ni," ni Landy wí. Kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí àlejò rí láyé rẹ̀. Ó dún létí òun fúnra rẹ̀ bí èébú.

Brenda ṣì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ ní tèmi ni."

"Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń sọ. Kì í ṣe pé ó rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi ló ni ín. Inú ẹ̀ ló máa ń sùn sí."

Nínú gbogbo èyí, "ọkọ" nìkan ló yé Brenda. Ojú rẹ̀ yí padà. "Ọkọ yín ń bínú? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún un pé mi ò mọ̀." Ó ti ń yọ àmákà jáde nínú báàgì. "Lóṣù Kejìlá, èmi fúnra mi á bẹ̀ ẹ́."

Bí àmákà ṣe bọ́ sọ́wọ́ Landy nìyẹn. Ohun tó wá gbà ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ẹnu rẹ̀ sì ti ṣe tán láti sọ pé "Màá jíṣẹ́ fún un," kó máa lọ sílé. Ó kó ẹnu náà níjàánu.

"Ọkọ mi ti kú."

Brenda kò gbọ́ ọ. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ń dún, Landy sì ti sáré sọ ọ́. "Ẹ má bínú, Sípáníìṣì mi ò dáa. Ẹ bá mi tún un sọ, díẹ̀díẹ̀."

Addy kò sí nítòsí. Landy tún un sọ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń kọ́ ọmọdé lọ́rọ̀, ó ń dúró díẹ̀ kó tó bọ́ sí ọ̀rọ̀ tó kàn kó lè yé àlejò, òun náà sì ń gbọ́ ọ.

"Ọkọ mi. Ti kú. Gener. Ti kú."

Èyí yé Brenda. Ó bọ́ kúrò lórí ìlà, ó mú Landy jókòó sórí bẹ́ńṣì, ọkọ̀ sì lọ láìgbé e. Landy dorí kodò sórí àmákà, ó sì bú sẹ́kún. Ó dùn ún, ó dùn ún gan-an, ó sì tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe nítorí àlejò ló ṣe sọ ọ́.