Bàbá Jẹ́jẹ́ àti Ọ̀pá Tó Ń Ta

Lọ́jọ́ tí Bàbá Jẹ́jẹ́ wọ ṣòkòtò funfun, tí wọ́n lọ jókòó sórí ọ̀pá irin, tí wọ́n gbé ife tíì tó kún dẹ́nu lé orúnkún, gbogbo ilé iṣẹ́ ìwakùsà ló pa iṣẹ́ tì wá wòran. Inú ọ̀pá yẹn ni ẹrẹ̀ kùsà ń gbà kọjá, ẹrẹ̀ tó ki bíi kọnkéré tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pò, ẹ̀rọ onípísítìnì mẹ́ta kan ló sì ń tì í. Kó tó dọjọ́ náà, bí písítìnì bá ti tì í báyìí, ọ̀pá á ta pọ́ún bí ẹni tí òsúkè ń ṣe, àwọn bóòtù tó so ó pọ̀ á sì máa já bọ́ sílẹ̀. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ ti búra pé tí ọ̀pá bá tún fi lè bẹ́, Bàbá Jẹ́jẹ́ tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà á lọ sinmi nílé wọn.

Ọmọ wọn obìnrin, tó ń ka aago ìwọ̀n ilé ẹ̀rọ tó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀, di bírò mú, ojú ẹ̀ ò kúrò lára ife tíì náà.

“Ọ̀gá, ẹ wò mí dáadáa,” ni bàbá wí. “Bí ẹ̀kán kan bá ta sí ṣòkòtò yìí, ẹ ò ní rí mi níbí lọ́la.”

Wọ́n mu tíì náà tán láìyára. Ẹ̀kán kan ò ta. Wọ́n wá ní ṣúgà ẹ̀ ò tó.

Ohun tí wọ́n ṣe kó tó dọjọ́ náà ò ju báyìí lọ. Ìkòkò irin kan wà lórí ẹ̀rọ náà, àpò rọ́bà tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí wà nínú ẹ̀. Bí písítìnì bá gbá ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ á sá wọ ìkòkò, á fún àpò náà mọ́lẹ̀; bí písítìnì bá fà sẹ́yìn, àpò á rọra tì í padà sọ́nà. Ìyàlẹ́nu gidi ni lójú ọmọ wọn: afẹ́fẹ́ lásán, tí ojú ò rí, òun ló ń tu irin nínú! Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn yòókù gbà pé bí afẹ́fẹ́ bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe dáa tó. Wọ́n fẹ́ ẹ títí àpò fi le gbagidi. Ọ̀pá ń ta, wọ́n tún ń fi kún un.

“Ẹni tó ti yó dé ọ̀nà ọ̀fun,” ni bàbá bi wọ́n, “ibo ló fẹ́ gba àlejò sí?”

Ọ̀gá ò gbà. Ló bá di pé wọ́n ń ná afẹ́fẹ́ bí ẹni ń ná aṣọ. Ọgọ́rùn-ún ni aago tó ń wọn afẹ́fẹ́ àpò náà wà. Ọ̀gá ní kí wọ́n dín in sí àádọ́rùn-ún, bàbá ní àádọ́ta. Ọ̀gá ní ọgọ́rin, bàbá kẹ̀yìn sí i, wọ́n kọrí sí ẹnu ọ̀nà. Ọ̀gá pè wọ́n padà, wọ́n sì parí ẹ̀ sí ọgọ́ta. Ọmọ wọn wá yọ́ bi wọ́n léèrè pé ṣé àádọ́ta kọ́ ni ì bá dáa jù.

“Ta ló fẹ́ àádọ́ta? Ọgọ́ta ni mo ní lọ́kàn tẹ́lẹ̀.”

Nílé Bàbá Jẹ́jẹ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbá ilẹ̀kùn. Àlejò kan fìbínú jáde lọ́jọ́ kan, ó gbá a, bàbá ní kó padà wá tì í dáadáa. Ó tì í lẹ́ẹ̀mẹta, ìbínú tán, ó jókòó padà. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti sùn, bí wọ́n ṣe ń hanrun, àwo á máa jó nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ìyàwó wọn ní ẹ̀rọ odindi ilé iṣẹ́ gbọ́ tiwọn, imú wọn ò gbọ́. Wọ́n ní kó dín etí ẹ̀ kù.

Lórí àga ni bàbá ti lọ, wọ́n rọra sùn ni. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ọkàn ọmọ wọn ò balẹ̀. Ẹrẹ̀ yẹn ò gbọdọ̀ dúró nínú ọ̀pá, bó bá dúró, ó di òkúta nìyẹn. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ dúró ti ẹ̀rọ, bẹ́ẹ̀ ó fẹ́ kí gbogbo ẹgbẹ́ iṣẹ́ bàbá òun sìn wọ́n dé ilé ìkẹyìn. Ọ̀gá bọ́ kóòtù, ó ní kí gbogbo wọn máa lọ, òun á dúró ti ẹ̀rọ.

Nígbà tí wọ́n padà dé, ọ̀gá jókòó lórí bọ́kẹ́ẹ̀tì tó dojú dé, ẹrẹ̀ kún bàtà ẹ̀, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé ọ̀pá.

Ọmọ wọn bi í pé báwo ló ṣe ń ṣe.

“Kò ta rárá. Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ̀rù ló ń bà mí kí bàbá yín má lọ dìde.”

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó wá jókòó tì í, ó tẹ́ ọwọ́ tiẹ̀ náà lé ọ̀pá. Nínú lọ́hùn-ún, ẹrẹ̀ ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí èémí ọmọ tuntun tó sùn.