Àga Ẹni Tí Kò Sí

Ogójì ọdún ó lé ni Màmá Aránṣọ fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ ìránṣọ nínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri. Kò bímọ, ṣùgbọ́n a kò tíì bí ẹni tí yóò pè é ní àgàn lójú ara rẹ̀. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ obìnrin kú, tí ó fi ọmọkùnrin ọlọ́dún méjì sílẹ̀, orí àpò àkísà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ni ọmọ náà ń sùn sí, ariwo ẹ̀rọ ló sì ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ní àràárọ̀ kí ó tó lọ sílé ìwé, màmá a fa ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ mọ́ra, a fi eyín gé fọ́nrán òwú tó bá yọ sóde, a wá sọ fún un pé bí wọ́n bá bi í ní ọmọ ta ni, ó mọ èsì. Ọmọ náà mọ èsì.

Ọmọ yìí ló dàgbà, tó sọdá òkun, tó sì fẹ́ gbé ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀ níyàwó. Ó ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ pé kó máa bọ̀. Màmá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún rán aṣọ tuntun, ó wọ bàálù, ó sì sọ̀ kalẹ̀ sínú òtútù.

Gbọ̀ngàn ìgbéyàwó náà funfun, ó sì mọ́ tónítóní bí ilé ìwòsàn. Àlejò lójú, kò fi ríran. Màmá Aránṣọ létí pẹ̀lú, kò fi gbọ́ nǹkan kan nínú èdè wọn. Obìnrin kan tó mú ìwé orúkọ dání mú un lọ sí ìlà àga kẹsàn-án, láàárín àwọn tó ń bá ọkọ ìyàwó ṣiṣẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí i, òun náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tán, ọ̀rọ̀ tán.

Ibẹ̀ ló ti tajú kán wo iwájú. Àwọn òbí ìyàwó jókòó lápá òsì. Lápá ọ̀tún, àga kan ṣófo. Òdòdó funfun kan wà lórí rẹ̀, àwòrán kékeré kan sì fara tì í. Màmá dá aṣọ inú àwòrán náà mọ̀ kó tó dá ojú mọ̀, nítorí òun ló rán an. Àbúrò rẹ̀ ni.

Kò nílò ògbufọ̀. Òkú ni wọ́n yẹ́ sí níwájú, alààyè ni wọ́n tì sẹ́yìn. Ó kọ́kọ́ sọ fún ara rẹ̀ pé àlejò lòun, kí òun pa á mọ́ra. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tí ń fi ẹ̀jẹ̀ dúdú sínú tu itọ́ funfun. Ó dìde. Bàtà rẹ̀ ń dún kò-kò-kò títí ó fi dé iwájú. Ó gbé òdòdó àti àwòrán, ó jókòó, ó sì kó méjèèjì lé itan. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ gba gbogbo ilé. Ìyá ìyàwó fa yẹ̀rì rẹ̀ mọ́ra bí ẹni tí omi fẹ́ ta sí láṣọ.

Ọkọ ìyàwó yára wá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Àga ẹni tó ti kú ni. Àṣà wọn nìyẹn. Ìyá tó bí mi ni wọ́n béèrè, mo sì sọ òótọ́ fún wọn."

"Òótọ́ lo sọ. O kàn sọ ọ́ lábọ̀ ni. Mo pọn ìyá rẹ kí n tó pọn ìwọ náà. Bó bá wà láyé, kò ní jókòó síwájú mi. Òun nìyí lórí itan mi, jẹ́ kí àwa méjèèjì jọ lo àga wa."

Fọ́nrán òwú kan yọ lọ́rùn kóòtù ọmọ náà. Kí màmá tó mọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti fà á mọ́ra, ó sì ti fi eyín gé e. Ọkùnrin gìrìpá dúró jẹ́ẹ́ bí ọmọ ilé ìwé. Ó wá yíjú sí àwọn àna rẹ̀, ó sọ gbólóhùn kan ṣoṣo ní èdè wọn, ó sì padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀. Kò sẹ́ni tó tún wá bá màmá lórí àga náà.

Kò sì sẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n so ọkọ àti ìyàwó pọ̀, wọ́n jẹun, wọ́n jó. Àga gbogbo ṣófo àfi tirẹ̀. Lójú agbo ijó, ọmọ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín ní èdè tí kò gbọ́. Màmá tún òdòdó náà gbé dáadáa, ó sì bi àwòrán náà wẹ́rẹ́ pé, "Ìwọ ńkọ́, o gbọ́ ohun tó sọ fún wọn?"

Ó dúró de èsì díẹ̀. Láti kékeré, àbúrò rẹ̀ kì í tètè fèsì.