Òwú Pupa Lókè Àjà

Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni Hezekiah, ó sì ti fi mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n nínú rẹ̀ ṣe iṣẹ́ iná. Láti Bẹẹrẹ dé Ọjà'ba, agboolé tí wọn ò ti mọ òun àti àkàbà rẹ̀ kò wọ́pọ̀. Waya ò bà á lẹ́rù tó ìwé. Kíláàsì márùn-ún péré ló kà kó tó lọ kọ́ṣẹ́. Bó bá ti di bàírò mú, òógùn á bo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, ìwé ni Alhaja Qúdrát gbé kò ó lójú láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Alhaja yìí ló ni ilé ìwé àwọn ọmọdé kan ní ẹsẹ̀ òkè Mápó. Ìjọba ti rán Waliyat, obìnrin kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, wá yẹ iná ilé ìwé náà wò, ilé ìwé náà kò sì yege. Waliyat pa iná pátápátá. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tàn án títí oníṣẹ́ iná yóò fi tún ibi mẹ́fà tí òun sàmì sí ṣe, tí yóò ya ibi kọ̀ọ̀kan ní fọ́tò, tí yóò kọ ohun tó bá níbẹ̀ àti ohun tó ṣe sí i, tí yóò sì buwọ́ lù ú.

"Alhaja, ẹ jẹ́ kí tíṣà kan bá mi kọ ọ́," Hezekiah bẹ̀bẹ̀.

"Wọn ò gbà bẹ́ẹ̀, Bàbá Dámilọ́lá. Ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ ni kó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́."

Ó tún ibi márùn-ún ṣe láìsí wàhálà. Ìkẹfà wà lókè àjà kíláàsì kejì, níbi tí pákó ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó gun àkàbà, ó ṣí pákó náà, ó ki orí bọ inú òkùnkùn pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì.

Waya méjì ni wọ́n fi ọwọ́ lọ́ pọ̀ lásán, tí wọ́n wá fi téèpù dúdú wé. Téèpù náà ti yọ́. Igi tó gbé waya dúró ti di èédú. Hezekiah mi orí, ó fẹ́ bú ẹni tó ṣe irú iṣẹ́ burúkú bẹ́ẹ̀. Ìgbà náà ni tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ tàn sí òwú pupa kan tí wọ́n so ní kókó mẹ́ta mọ́ ìdí téèpù.

Kò mọ ẹlòmíràn tó ń fi òwú pupa so iṣẹ́ rẹ̀. Òun ni. Ọdún tó gba fúrídọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló ń ṣe é, nígbà tó ṣì ń fi iṣẹ́ yangàn. Ó wá rántí: ilé yìí kò tíì di ilé ìwé nígbà náà, olóògbé ọkọ Alhaja ló ń gbébẹ̀. Waya tó mú wá kò gùn tó, oòrùn mú, ló bá lọ́ àjákù méjì pọ̀ dípò kó padà lọ ra tuntun.

Ó wo ìsàlẹ̀. Bàtà wẹ́wẹ́ mẹ́ta wà lẹ́bàá ògiri, àti ife rọ́bà kan tí wọ́n kọ orúkọ ọmọ sí. Àkàbà yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ó lu ògiri.

"Ṣé kò sí nǹkan?" Alhaja pariwo láti ẹnu ọ̀nà.

"Kò sí nǹkan, mà."

Ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá gé òwú yẹn sápò, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ta ni yóò mọ̀? Ó tiẹ̀ ti gbé ọ̀bẹ lé e. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára èédú yẹn. Bó bá jẹ́ pé iná ràn lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ ń sùn lọ́sàn-án ńkọ́? Ó ti ọ̀bẹ bọ àpò, ó fa fóònù yọ. Ìgbà mẹ́rin ló ya fọ́tò kí ọ̀kan tó mọ́.

Nígbà tó tún un ṣe tán, ó jókòó lórí àga ọmọdé, ó kọ ọ́ ní lẹ́tà ńláńlá: "Mo bá waya tí wọ́n lọ́ pọ̀. Igi ti jó. Èmi Hezekiah ni mo lọ́ ọ, ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n rèé. Mo ti fa waya tuntun, mo ti pààrọ̀ igi." Ó buwọ́ lù ú.

Alhaja kà á, ojú rẹ̀ yí padà. "Ta ló bi yín léèrè? Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n wá gbé yín ni?"

"Wọ́n ní kí n kọ ohun tí mo bá, mà."

Títí di Ọjọ́bọ̀ tí Waliyat padà wá, ojú títì ni Hezekiah ń wò ṣáá. Mọ́tò tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, á rò pé ọlọ́pàá ni. Waliyat gun àkàbà fúnra rẹ̀, ó yẹ gbogbo rẹ̀ wò, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì.

"Bàbá, iṣẹ́ yìí dáa. Wọ́n lè tan iná." Ó fi ìka tọ́ka sí ìlà kan nínú ìwé náà. "Àwọn ilé yòókù ńkọ́?"

"Ilé wo, màdáámù?"

"Àwọn tí ẹ ti lọ́ waya pọ̀ báyìí lọ́dún yẹn."

Ẹ̀rù tó ti ń bà á tẹ́lẹ̀ wá dà bí eré. Orí ara rẹ̀ nìkan ló ti ń rò. Ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí ka ìka: méjì ní Ọjà'ba, ọ̀kan ní Òkè Bọ́lá, mẹ́ta ní Ìsàlẹ̀ Òsì, ọ̀kan lẹ́yìn Bẹẹrẹ. Méje.

Waliyat kò halẹ̀ mọ́ ọn. Ó ní, "Ẹ bẹ̀rẹ̀ lónìí, bàbá. Bí ẹ ṣe kọ èyí, ẹ kọ wọ́n bẹ́ẹ̀."

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ló gbé àkàbà léjìká lọ sí Ọjà'ba. Onílé kejì fẹ́ lé e bí olè. Hezekiah dọ̀bálẹ̀ kí ọkùnrin náà tó jẹ́ kó wọlé. Òwú pupa wà níbẹ̀, téèpù sì gbóná débi pé kò ṣeé fọwọ́ kàn. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí, ó ti tún mẹ́fà ṣe, ó sì ti kọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sílẹ̀.

Èyí tó kù, ti ẹ̀yìn Bẹẹrẹ, kò mọ ilé náà mọ́. Kànga kan wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀, ìyẹn nìkan ló rántí. Ó ti kan ilẹ̀kùn bí ogún. Láàárọ̀ Sátidé tó kọjá, ó rí èéfín dúdú lápá ibẹ̀, ó sáré títí èémí fi fẹ́ẹ̀ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Obìnrin kan ló ń sun ìdọ̀tí. Hezekiah fọwọ́ lé orúnkún, ó ń mí hẹlẹ.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ṣé kànga wà ní agboolé yín?"