Ohun Èlò Físíìsì Inú Ọ̀rá ní Ìfọ́n-Ọ̀ṣun

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán l'Óṣogbo tí mo ti gbé báàgì Gáná-mọ́sì-gò mi kọ́ èjìká, ó di Ìlọ́bù. Waya, bátìrì àti gílóòbù ló kún inú rẹ̀. Iṣẹ́ mi ni láti máa ran àwọn tísà lọ́wọ́ kí wọ́n lè ṣe físíìsì lójú àwọn ọmọ, kí ọmọ má baà rò pé ojú pátákó ni iná mànàmáná ń gbé. Awakọ̀ yọjú wo báàgì.

"Mọ̀mí, ṣé kì í ṣe bọ́ǹbù lẹ kó o?"

Mo ní físíìsì ni. Ó ní ọ̀kan náà ni, físíìsì ló lé òun kúrò níléèwé. Èèyàn méjì ló fún mọ́ ìjókòó iwájú. Tí awakọ̀ bá fẹ́ yí jíà, orúnkún mi ló máa kọ́kọ́ tì. Ọ̀nà náà dára, àfi ibi tí kò ti dára.

Ní Ìlọ́bù, Ọ̀gbẹ́ni Ràjí tó ń kọ́ wọn ní físíìsì kò ní ohun èlò kankan. Ó so àgádágodo mọ́ òwú, àwọn ọmọ ń fì í síwá sẹ́yìn, wọ́n ń fi fóònù rẹ̀ ka àkókò, ariwo wọn gba gbogbo ọgbà. Mo bá wọn to waya díẹ̀, mo jẹ àkàrà tí wọ́n rà fún mi, mo sì dìde.

Ọ̀kadà ló gbé mi dé Ìfọ́n-Ọ̀ṣun. Àwọn ìlú yìí fara kanra débi pé mo bi ọlọ́kadà níbi tí ọ̀kan parí sí.

"Mọ̀mí, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ààlà máa ń dá ìjà sílẹ̀ níbí, a kì í dáhùn ìyẹn lórí ọ̀kadà."

Mo di báàgì mi mú dáadáa.

Tísà Fúnmi, ọ̀dọ́bìnrin tó ń kọ́ físíìsì níbẹ̀, ti kúnlẹ̀ kí n tó sọ̀ kalẹ̀ tán. "Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ bá mi bẹ ọ̀gá. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìdánwò pírákítíkà, àwọn ọmọ yìí ò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan rí."

Mo rò pé kò sí ohun èlò ni. Áà! Kọ́bọ́ọ̀dù kún dẹ́nu. Tuntun ni gbogbo rẹ̀, inú ọ̀rá tí wọ́n fi kó o wá ló ṣì wà. Inú bí mi gan-an.

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ jẹ́ bàbá oníwà pẹ̀lẹ́. Ó ní, "Àwọn aláyẹ̀wò lè dé nígbàkígbà. Tí nǹkan ìjọba bá fọ́, ọrùn ta ni?"

"Bàbá, tí àwọn ọmọ bá fìdí rẹmi ńkọ́, ọrùn ta nìyẹn?"

Fúnmi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ pé kí n rọra.

Bàbá ní kò burú, òun á kọ́kọ́ fi bí wọ́n ṣe ń mú un hàn wá. Ó bọ́ ọ̀rá lára dígí onígun mẹ́ta kan, irú èyí tó máa ń pín ìmọ́lẹ̀ sí oríṣiríṣi àwọ̀, ó gbé e sókè bí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ. Òógùn ti bo ọwọ́ rẹ̀.

"Jẹ́jẹ́ ni, báyìí, báyìí…"

Ó yọ̀ bọ́. Ó fọ́ yángá lórí sìmẹ́ńtì.

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mo bu ètè jẹ. Ọmọbìnrin kan lójú fèrèsé ló kọ́kọ́ fọhùn: "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, sà."

Bàbá wo ilẹ̀ títí. Ó wo ẹnu ọ̀nà, bóyá aláyẹ̀wò kan ń sáré bọ̀. Kò sí ẹnì kan.

"Tísà," ó ní, "ẹ tú ìyókù."

Ariwo tí àwọn ọmọ yẹn pa! Ọmọbìnrin ojú fèrèsé náà tan gílóòbù, ó pa á, ó tún tàn án, bíi pé òun ló ń pín iná fún gbogbo ìpínlẹ̀. Fúnmi ń sunkún ayọ̀, omi sì lé sójú èmi náà.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo délé. Mo ju ara mi sórí àga pálọ̀, ó sì pariwo lábẹ́ mi. Látìgbà tí a ti rà á ni ọ̀rá ò ti kúrò lára rẹ̀, tí ooru bá mú, á lẹ̀ mọ́ wa lẹ́yìn. Mo lọ mú ọ̀bẹ, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya ọ̀rá náà. Ọkọ mi sáré jáde.

"Ìyá Bọ́lá, kí lo ń ṣe yẹn? Àga àlejò!"

"Bàbá Bọ́lá, ẹ wá jókòó," ni mo wí. "Àwa ni àlejò náà."